Ta Ló Ń Jẹ́ Aguntaso?

"Màdámù, ẹ wá wo nǹkan! Ẹ̀rọ yìí tún ti bẹ̀rẹ̀."

Sájẹ́ńtì Abdulhafeez ti tẹ̀ síwájú débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà náà. Ìnsípẹ́kítọ̀ Tiwátọ́pẹ́ gbé búrẹ́dì tó ń jẹ sórí fèrèsé, ó sì sáré bọ̀. Lójú ẹ̀rọ àtijọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yọ, tó ń lọ, tó tún ń padà yọ, bí ẹni tí oorun ń kùn ṣùgbọ́n tí kò rí sùn: *aguntaso*. Lábẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ti kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ Aguntaso?" ni Tiwátọ́pẹ́ béèrè.

"Ohun tí ẹ̀rọ náà ń béèrè nìyẹn, Màdámù."

Tiwátọ́pẹ́ wò ó láìrẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ kò lélẹ̀ láti òwúrọ̀. Ó ti jókòó sórí àga mẹ́ta nínú ọ́fíìsì Mafolúkù yìí, kò sì sí èyí tó jókòó sí tó pẹ́. Ọ̀gá téṣàn ti ní kí wọ́n gbé Roqeebah lọ sí kóòtù lọ́la, bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Roqeebah yìí ni ọmọbìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òkè-Àfá, ẹni tí wọ́n ní ó jí ẹrù. Bí wọ́n bá lè ka ẹ̀sùn olè sí i lẹ́sẹ̀ ní gbangba kóòtù, kódà bí adájọ́ bá padà dá a sílẹ̀, ta ni yóò tún pè é wá sínú ọ́fíìsì òun, tí yóò ní kó wá tọwọ́ bọ kọ̀ǹpútà òun? Tiwátọ́pẹ́ kò gbà pé ọmọ náà ló jalè. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò gbà yàtọ̀ sí ohun tí a lè fi hàn, kóòtù kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ ọkàn ọlọ́pàá.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe ṣẹlẹ̀. Olóògbé Ọláyanjú ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni kí wọ́n máa bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà ayé rẹ̀, bàbá náà ra kọ̀ǹpútà ńláńlá mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó tó ń palẹ̀ mọ́, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Yúníìsì, ó sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ wọ́n: Kọ́láolúwa, Olúyínká àti Tẹjú. Bàbá ti kú. Tẹjú ti bá ọkọ lọ sí Kánádà. Àwọn ẹ̀rọ náà ṣì wà, nítorí pé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi ń jẹun kò ṣeé ṣe lórí ẹ̀rọ míì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti darúgbó. Ni wọ́n bá pe Roqeebah kó wá yẹ̀ wọ́n wò, kó sì sọ èyí tí wọ́n á fi sílẹ̀ láti máa darí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti orúkọ.

Roqeebah ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúkọ yìí fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n mú un, pẹ̀lú omijé lójú. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ, nọ́ńbà ló mọ̀. Nítorí náà, níbi tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ sí, ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà tí àwọn yòókù á máa bi pé, "Jọ̀ọ́, níbo ni lágbájá ń gbé?" Bí onítọ̀hún bá tọ́ka síbi tí kò yẹ, ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn á gbà lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ gan-an nìyẹn. Kọ́láolúwa, tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Mafolúkù sí kọ̀ǹpútà ilé ìkẹ́rù wọn ní Ìsọlọ̀, pé kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà fún Abdulwasiu, awakọ̀ ilé ìwòsàn tó ni ín. Ọ̀rọ̀ tó dé Ìsọlọ̀ kò dárúkọ Abdulwasiu. Ẹlòmíì ló dárúkọ, ẹlòmíì náà sì kó ẹrù lọ nínú bọ́ọ̀sì funfun kan. Nígbà tí wọ́n wá inú ọ́fíìsì Mafolúkù, inú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Olúyínká ni wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n yí náà. Ẹnì kan ti sọ fún àwọn ẹ̀rọ pé ibẹ̀ ni ilé ìkẹ́rù. Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i, ó fi ránṣẹ́ síbi tó yẹ, ó sì nu ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò.

Ta ló wà nídìí ẹ̀rọ Olúyínká ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn? Roqeebah ni. Wọ́n sì mú un.

"Màdámù, mo ti mọ̀ ọ́n!" Abdulhafeez lu tábìlì. "Àgùntàn ni! Ẹ̀rọ yìí kò ní àmì ohùn. Àgùntàn Só. Só, ìyẹn Sólómọ́nì! Sólómọ́nì kan wà tó ń ta àgùntàn lẹ́bàá ojú irin ní Ọ̀ṣọ́dì."

"Àgùntàn tìrẹ kò ní *n* lẹ́yìn?"

"Bóyá olè náà kò mọ̀wé, mà."

"Olè tó mọ kọ̀ǹpútà ni kò mọ àgùntàn kọ?"

Sájẹ́ńtì kò gbọ́ parí tó ti bọ́ síta. Bó ṣe rí nìyẹn, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣáájú orí rẹ̀ dé ibi iṣẹ́.

Tiwátọ́pẹ́ kọjú sí Kọ́láolúwa. Ọkùnrin kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, ó sì ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé fáànù ń fẹ́ sí i.

"Ọ̀gá, ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà àwọn ẹ̀rọ yìí?"

"Roqeebah mọ̀ ọ́n."

"Ìyẹn ti di ti àná. Ta tún ni?"

"Èmi. Olúyínká náà. Ìyàwó mi. Ilé kan náà ni wá, Màdámù. Kí la fẹ́ fi pamọ́?"

"Ẹ ti fi nǹkan pamọ́ ná. Inú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ àbúrò yín la ti bá ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ àbúrò yín ni ilé ìkẹ́rù wà. Kí ló dé tí ẹ kò mẹ́nu bà á nígbà tí ẹ pe ọlọ́pàá?"

Kọ́láolúwa wo ilẹ̀. "Ìyá kan náà ló bí wa, mà."

"Roqeebah náà ní ìyá. Iwájú téṣàn wa ló ń gbé láti ọjọ́ Jímọ́."

Ìyàwó rẹ̀, Morọ́lá, ló gba ẹnu ọ̀nà wọlé pẹ̀lú omi tútù lórí tíréè. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbé ife lé tábìlì. Nígbà tó kí Tiwátọ́pẹ́, ọlọ́pàá náà gbọ́ Èkìtì ní ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkìtì ti máa ń ṣe bó bá pàdé ara ilé.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá Ṣemílọ́rẹ? Níbo lẹ wà lọ́sàn-án Jímọ́?"

"Ibí náà ni, mà. Bàbá Ṣemílọ́rẹ lọ sí pápákọ̀ òfurufú lẹ́yìn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tán. Roqeebah wà nídìí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn, tó bá yá á bọ́ sídìí èyí ẹnu ọ̀nà."

"Ṣé ẹ rí i tó ṣe ohun tí kò yẹ?"

"Rárá o. Ọmọ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n òun náà ló wà níbẹ̀, mà."

Tiwátọ́pẹ́ mu omi náà. Ó ronú pé ẹ̀rí tó dùn létí tó bẹ́ẹ̀, tó sì gún èèyàn tó bẹ́ẹ̀, òun kò gbọ́ ọ rí.

Ìgbà yẹn ni ariwo sọ níta. Abdulhafeez ti dé, ó mú Sólómọ́nì dání, Sólómọ́nì sì mú àgbò kan dání, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, òun kò lè fi í sílẹ̀ lójú títì fún àwọn ọmọ Ọ̀ṣọ́dì.

"Kọ̀ǹpútà wo, sà?" ni ọkùnrin náà wí. "Fóònù ọwọ́ mi yìí gan-an, ìyàwó mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. I no sabi book, sà. Ẹ wo ọwọ́ mi, ṣé ọwọ́ kọ̀ǹpútà lẹ pe èyí?"

Níbi tó ti ń sọ ọ́, àgbò náà na ọrùn gba ojú fèrèsé, ó sì jẹ búrẹ́dì Tiwátọ́pẹ́ tán.

"Abdulhafeez," ni Tiwátọ́pẹ́ wí, ó rọra ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì bani lẹ́rù. "Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yìí. Kí o tún bá wọn mú ẹran wọn dé ojú títì. Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ wá. Ìsọlọ̀ là ń lọ."

* * *

Olúyínká ga. Nígbà tó jáde láti inú yàrá òtútù, ó ní láti tẹ orí ba kó má baà gbá a mọ́ àtẹ́rígbà. Ẹ̀wù àwọ̀ búlúù tó wọ̀ bá a mu bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n rán an mọ́.

"Níbo lẹ wà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́?"

"Mo wà níbí."

"Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ẹ kò sí níbí nígbà tí bọ́ọ̀sì funfun wá kó ẹrù."

Ojú rẹ̀ yí padà. Abdulhafeez ti ń fọwọ́ wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ níbàdí.

"Òkè-Àfá ni mo lọ," ni Olúyínká wí níkẹyìn. "Mo lọ wo ilé kan tí mo fẹ́ fi ṣe ilé ìkẹ́rù tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́."

"Ẹ fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ tí bọ̀dá mi ti ń sọ pé àwọn máa fi ibí yìí lé mi lọ́wọ́ pátápátá gẹ́gẹ́ bí ìpín mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tún pè mí, wọ́n ní àwọn ti pinnu, lọ́yà ti ń bá àwọn ṣe é. Mi ò gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ wo ibòmíì."

"Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́?"

"Kò sẹ́nì kankan. Àwa méjèèjì àti ìyàwó wa."

Tiwátọ́pẹ́ ń rìn síwá sẹ́yìn láàárín àwọn páálí. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ jalè, ṣé ilé tí wọ́n fẹ́ kó fún un ni yóò ti jí i? Ṣé inú ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni yóò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ sí, kí gbogbo ayé lè rí i? Olè tó jí àgbàdo kì í so ó mọ́ ọrùn wọ ìlú. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bá a níbẹ̀ ni. Ìyẹn ni pé kì í ṣe Roqeebah ni wọ́n dẹ pàkúté náà fún. Roqeebah kàn ń kọjá lọ ni, pàkúté sì mú un lẹ́sẹ̀.

"A ò ní mú un, Màdámù?"

"Gbé ọkọ̀. Téṣàn."

* * *

Ìsíátù, ìyá Roqeebah, dìde láti orí búlọ́ọ̀kù tó fi ṣe àga níwájú téṣàn. Ó kàn ń wo ẹnu Tiwátọ́pẹ́, bí ẹni tó ń wo ibi tí wọ́n ti fẹ́ pe èsì ìdánwò. Tiwátọ́pẹ́ kò lè fara dà á, ó sáré wọlé.

Roqeebah ti rù. Ìborùn rẹ̀ ti dọ̀tí, síbẹ̀ ó so ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n dárúkọ ẹ̀rọ fún un, ojú rẹ̀ là díẹ̀, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Aguntaso? Mi ò kọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí, mà. Lójú èwo ló ti ń yọ?"

"Tẹjú."

"Háà, Tẹjú." Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe rí fún yín, mà. Kọ́láolúwa yára, ṣùgbọ́n tí NEPA bá ti mú iná pẹ́nrẹ́n, ó ti gbàgbé gbogbo orúkọ tí wọ́n kọ́ ọ. Olúyínká lọ́ra, àmọ́ kì í gbàgbé, bí kò bá sì mọ orúkọ kan, ó máa ń lọ bi ẹlòmíì. Òun ni mo fẹ́ kí wọ́n mú. Tẹjú ò lè gbé orúkọ gígùn. Lẹ́tà mẹ́jọ péré ló mọ. Èyí tó bá kù, á gé e dànù, á wá máa pariwo pé òun ò mọ ẹni náà. Kọ́láolúwa pàápàá, 'kolaoluw' ló ń pè é."

Tiwátọ́pẹ́ dìde lójijì débi pé àga rẹ̀ ṣubú.

"Tún un sọ."

"Lẹ́tà mẹ́jọ, mà."

Tiwátọ́pẹ́ fi ìka ka aguntaso lórí tábìlì. Mẹ́jọ géérégé. Kì í ṣe orúkọ ni wọ́n ti ń wá kiri láti àárọ̀. Orí orúkọ ni. Ìrù rẹ̀ wà níbì kan.

"Kí ló dé tí Tẹjú nìkan ń dárúkọ rẹ̀?"

"Iṣẹ́ kan há sí i lọ́fun, mà. Wọ́n ti ní kó fi nǹkan ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rù, ó béèrè ọ̀nà, wọ́n ní kó lọ bá Aguntaso-kinní yìí. Kò rí i, ló bá ń béèrè títí di òní. Ẹni tó nu orúkọ náà kúrò nínú Olúyínká kò mọ̀ pé Tẹjú ṣì ń wá a."

"Bó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ darí ọ̀rọ̀ ilé ìkẹ́rù lọ sínú ẹ̀rọ Olúyínká, báwo lo ṣe máa ṣe é?"

Ọmọ náà wò ó tìfura-tìfura.

"Dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn rẹ ni mo wà."

"Màá kàn kọ olúyínká ni. Tàbí kí n kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ta ló máa kọ́kọ́ lọ sọ ẹ̀rọ ní orúkọ míì kó tó wá fi ṣiṣẹ́? Iṣẹ́ méjì nìyẹn, mà."

"Ṣé ẹ̀rọ kan lè jẹ́ orúkọ méjì?"

"Ó lè jẹ́ mẹ́wàá. Mo kọ́ wọn. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀gá, Bọ̀dá Olúyínká, Àǹtí Morọ́lá. Mo ní bí ẹ̀rọ ṣe ní orúkọ gidi náà ló lè ní ìnagijẹ, èyíkéyìí tí ẹ bá pè, á jẹ́ ẹ."

* * *

Ọkọ̀ ọlọ́pàá ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀, Tiwátọ́pẹ́ sì ń fi èékánná gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ta ló máa ṣe iṣẹ́ méjì níbi tí ẹyọ kan ti tó? Ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n. Tàbí kẹ̀, ẹni tí kò lè lo orúkọ gidi. Kí ló lè mú kí èèyàn má lè tẹ orúkọ kan? Ó kàn jẹ́ olúyínká, lẹ́tà mẹ́jọ, Tẹjú pàápàá gbé e láìgé nǹkan kan kúrò.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Ìbàdíàrán mi! Ẹ káàsán o. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Màá fi ránṣẹ́ sí yín lálẹ́. Ó dàbọ̀."

Abdulhafeez ń rẹ́rìn-ín nídìí ọkọ̀. "Màdámù, ta ló ń jẹ́ Ìbàdíàrán?"

"Àbúrò ọkọ mi. Yunifásítì ló wà."

"Ọmọ yunifásítì lẹ ń pè ní ẹ? Orúkọ rẹ̀ ni Ìbàdíàrán?"

"Orúkọ rẹ̀ kẹ̀? Ọmọ tí mo bá nílé ọkọ? Ta ló bí mi, tí màá gbójú, tí màá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́..."

Kò parí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbá ilẹ̀kùn dúró.

"Màdámù?"

"Màá pe Olúyínká kó wá bá wa ní Mafolúkù. Tẹ iná mọ́ ọn, Abdulhafeez. Èmi ni mo gọ̀, kì í ṣe àgùntàn rẹ."

* * *

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró sínú ọ́fíìsì náà. Kọ́láolúwa ń làágùn. Olúyínká fẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ ga ju kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri lọ. Morọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di tíréè rẹ̀ mú. Tẹjú ṣì ń béèrè ẹni tí kò mọ̀.

"N kò ní pẹ́," ni Tiwátọ́pẹ́ wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹ bá mi dárúkọ àwọn ẹ̀rọ yìí. Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ṣe é."

"Kọ́láolúwa nìyí. Olúyínká. Tẹjú."

"Ó dáa. Ìyá Ṣemílọ́rẹ."

"Èyí ti Bàbá Ṣemílọ́rẹ," ni Morọ́lá wí. "Èyí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èyí ẹnu ọ̀nà."

"Orúkọ ni mo ní kí ẹ pè, mà."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ará ilé ni yín, àǹtí. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè pè é."

"Mo mọ̀. Èmi náà kì í pe ti ilé ọkọ mi. Ìyá tó bí wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ gidi sì ni." Tiwátọ́pẹ́ sún mọ́ ọn. "Ohun tí kò yé mi ni èyí. Ẹ ń bá àwọn ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ kò mọ 'ẹ̀gbẹ́ fèrèsé'. Bí ẹ bá fẹ́ kó dá yín lóhùn, kí lẹ ń pè é?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Morọ́lá.

Olúyínká ló rẹ́rìn-ín, láìmọ ohun tó wà nílẹ̀. "Ṣé ti ìyàwó wa? Màdámù, ìyẹn ò le. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọlé wá ló ti ń pè mí ní Agùntáṣọọ́lò. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹ̀rọ mi náà á máa jẹ́ ẹ nìyẹn."

Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú.

Abdulhafeez ti wà níwájú Tẹjú, ó ń fi ìka ka lẹ́tà sórí ojú rẹ̀. "*A, g, u, n, t, a, s, o.* Ibí yìí ló ti gé e, Màdámù. *Olo* ló kù síta."

Tíréè jábọ́ lọ́wọ́ Morọ́lá.

"Ìyá Ṣemí?" Ohùn Kọ́láolúwa fọ́. "Ìwọ kọ́. Sọ fún wọn pé ìwọ kọ́."

"Mi ò tà á," ni Morọ́lá wí. Ó ti kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tó kúnlẹ̀. "Bọ́ọ̀sì ẹ̀gbọ́n mi ló kó o. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fíríìsà ṣọ́ọ̀bù wọn ní Òkè-Àfá, kò sí èyí tó bàjẹ́. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n bá a lọ́wọ́ Agùntáṣọọ́lò ni. Tí ẹ bá bá a lọ́wọ́ wọn, ẹ ò ní fi ilé ìkẹ́rù lé wọn lọ́wọ́ mọ́. Ṣemílọ́rẹ ń dàgbà. Kí lẹ fẹ́ kó bá nílẹ̀? Ṣé gbogbo nǹkan lẹ máa kó fún ẹlòmíì ni?"

"Ẹlòmíì." Kọ́láolúwa tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. "Àbúrò mi lo pè ní ẹlòmíì."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Olúyínká rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gíga rẹ̀ kò sì hàn mọ́.

"Roqeebah ńkọ́?" ni Tiwátọ́pẹ́ béèrè.

"Mi ò rò ó mọ́ ọn, mà. Ọlọ́run gbọ́. Mo rò pé wọ́n á bi í léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á sì tú u sílẹ̀."

"Wọn ò tú u sílẹ̀, ẹ sì mọ̀. Ẹ gbé omi tútù fún mi láàárọ̀ yìí, ẹ ní òun náà ló wà níbẹ̀." Inú ń bí Tiwátọ́pẹ́, kò sì gbìyànjú láti fi pamọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ kò lè fi ẹnu pe orúkọ ọkọ yín, ẹ lè fi ọwọ́ bà á jẹ́. Ọmọ tí kò ní ẹ̀gbọ́n tó máa bò ó ló wá jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ dìde, ìyàwó. Abdulhafeez, mú wọn lọ sínú ọkọ̀. Má fà wọ́n."

* * *

Òrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n rí páálí abẹ́rẹ́ náà ní Òkè-Àfá. Ọ̀gá téṣàn kùn díẹ̀, ó ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun, ó sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tú Roqeebah sílẹ̀. Àwọn èrò ti kún iwájú káńtà, àwọn tó wá gba bélì, àwọn tó wá fi ẹjọ́ sùn, àwọn tó kàn wá wòran.

"Roqeebah Ṣàmsúdéènì!" ni ọlọ́pàá tó wà ní káńtà pè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Roqeebah jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbi tí wọ́n mú un jáde sí, ó tẹ orí ba.

"Roqeebah Ṣàmsúdéènì!"

Kò gbé orí sókè. Láti ọjọ́ Jímọ́, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn nínú ilé yìí, olè ni wọ́n ń so mọ́ ọn. Ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Tiwátọ́pẹ́ rí i, ó sì mọ̀ pé kò sí ìwé ìtúsílẹ̀ tí òun lè fọwọ́ sí tó máa tún ìyẹn ṣe.

Ìsíátù ló la àárín èrò kọjá. "Òun rèé! Ọmọ mi rèé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. Bí ẹ ṣe pè é lọ́jọ́ tí ẹ mú un, tí gbogbo àdúgbò gbọ́, ẹ pè é bẹ́ẹ̀."

Ọlọ́pàá káńtà wo Tiwátọ́pẹ́. Tiwátọ́pẹ́ ní kó bọ́ sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ síwájú káńtà, ó dúró ṣinṣin, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè é, tí àwọn èrò fi dákẹ́ ariwo.

"Roqeebah Ṣàmsúdéènì. Kò jalè."

Ọmọbìnrin náà gbé orí sókè.

"Mà," ló dáhùn, ó sì dìde.